Oògùn Ara Kárọ́ọ̀tì àti Àáró Tí Mo Jẹ

Bí dókítà bá ti sọ fún ọ pé Góṣé ni orúkọ àìsàn rẹ, tí o dé ilé, tí o sì rí i pé kò sí ẹnì kan ládùúgbò tó gbọ́ orúkọ náà rí, ìwọ ni mo ń kọ èyí sí. Bí wọ́n ṣe ń pè é lẹ́nu ni mo ṣe kọ ọ́ yẹn. Àgbẹ̀ ni mí ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta. Kíláàsì kẹrin ni mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama tí bàbá mi fi fà mí wọ oko kòkó, nítorí náà má ṣe retí ọ̀rọ̀ dídán lọ́wọ́ mi. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, àti àṣìṣe kan tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi lọ. Bí o bá dé ibẹ̀ tí ẹ̀rín ń pa ọ́, rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀.

Oko àáró ni àìsàn náà ti kọ́kọ́ fojú hàn. Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe àáró láti ìgbà tí a ti jẹ́ àpọ́n: Délé, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, Àlàní, tí bàbá rẹ̀ wá ṣe iṣẹ́ káfíńtà láti apá Ọ̀ṣun tí kò padà mọ́, àti èmi. Bí a bá kọ ebè sóko Délé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yìí, tèmi ló kàn, lẹ́yìn náà ti Àlàní. Kò sówó níbẹ̀. Ọjọ́ tí o bá gbà lára mi, ara rẹ ni wàá fi san án. Àwọn méjèèjì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi ni akọ̀wé àáró, torí mo máa ń ka ọjọ́ mọ́ ènìyàn lára. Òótọ́ ni. N kì í fẹ́ jẹ ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ kan, n kì í sì í fẹ́ kí wọ́n jẹ mí.

Lọ́jọ́ kan, mo kọ ebè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó rẹ̀ mí bí ẹni tó kọ igba. Mo jókòó. Délé ní ọ̀gá ti dé, kí wọ́n wá àga fún ọ̀gá. A jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dìde, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti imú mi sórí èékù ọkọ́. Láti ọjọ́ náà, ara mi kò gbọ́ tèmi mọ́. Bí apá mi bá kan ilẹ̀kùn lásán, ojú ibẹ̀ á dúdú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Egungun itan mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí eyín tó jẹrà ṣe máa ń ro. Ikùn mi sì ń wú, apá òsì ló ti ń wú bọ̀, títí ṣòkòtò mi kò fi ṣeé dè mọ́. Àwọn ènìyàn ní ọtí ni. Èmi tí n kò fẹnu kan ẹmu láti ọjọ́ tí mo ti gbéyàwó.

Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Mo lo oògùn ibà títí etí mi fi ń hó. Wọ́n tún ní táífọ́ọ̀dù ni. Ẹnì kan ní bóyá àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló fara pa mọ́ sí mi lára láti kékeré, mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, AA ni mí. Nígbà tí wọ́n darí mi sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Adó, ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí à ń pè ní títò. Mo ní láti jáde nílé kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa, kí n wọ ọkọ̀ dé Arámọkọ, kí n tún wọ òmíràn. Síbẹ̀, tí mo bá fi máa dé, bẹ́ǹṣì á ti kún. Gbogbo aláìsàn ló ní ẹni tó ń bá a di àyè mú. Èmi, bí mo bá fẹ́ lọ tọ̀, mo gbọ́dọ̀ bẹ ẹni tí n kò mọ̀ rí.

Nọ́ọ̀sì tó ń gba káàdì ní ìbéèrè kan tó máa ń bi gbogbo ènìyàn, torí bí wọ́n bá fẹ́ rán ènìyàn lọ ra nǹkan tàbí kó gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ẹni tó bá ọ wá ni wọ́n máa ń rán.

“Ta ló tẹ̀ lé yín wá?”

Mo ní èmi nìkan ni. Ó ní kò burú, kí n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Kì í ṣe pé n kò lẹ́bí. Ìyá Tóyìn, ìyàwó mi, ti lọ sí Abẹ́òkúta lọ́dọ̀ Tóyìn ọmọ wa tó bí ìbejì. Oṣù mẹ́ta la fẹnu kò lé. Ó di ọdún kan, ó lé. N kò bá a jà, torí ìbejì kò ṣeé dá gbé, Tóyìn sì ń lọ síbi iṣẹ́. Bó bá pè mí lórí fóònù, mo máa ń sọ fún un pé ara ti ń le. Bí mo bá sọ òdodo, yóò sunkún, n kò sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí ẹkún orí fóònù.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìjerò nítorí ibẹ̀ ni ilé ọkọ rẹ̀, ní tirẹ̀ kò gbà pé ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni. Ó ní ikùn ọkùnrin kì í dédé wú. Ó gbé mi lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó gbé àgbo wá nínú kẹ́ẹ̀gì, ó ń dúró tì mí títí mo fi ń mu ún tán. Nígbà tí kò dẹ̀rọ̀, ó mú ọkùnrin kan wá tó ní òun yóò sín gbẹ́rẹ́ sí mi níkùn kí afẹ́fẹ́ burúkú lè jáde. Gbẹ́rẹ́ méje péré ni. Ẹ̀jẹ̀ kò dá títí di ọjọ́ kejì, ìyá àgbà kan ló fi aṣọ dì mí níkùn. Bí àìsàn yìí bá ń ṣe ọ́, má jẹ́ kí abẹ kankan kàn ọ́ láìjẹ́ pé dókítà tó mọ̀ ọ́n gbà bẹ́ẹ̀. N kò dá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́bi. Ẹ̀rù ló ń bà á, ó sì fẹ́ máa fọwọ́ ṣe nǹkan. Ìdí ẹ̀rù náà, n ó sọ ọ́.

Ní gbogbo àkókò yìí, àáró ń gorí àáró lọ́rùn mi. Délé àti Àlàní ń wá sóko mi bó ṣe yẹ, wọ́n ń kọ ebè, wọ́n ń ro ilẹ̀ abẹ́ kòkó. Bó bá kan tiwọn, n kò lè lọ. Wọn kò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo ń kà á: ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ méje, ọjọ́ mọ́kànlá. Ó dé orí mọ́kànlá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Bí mo bá mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀, n ó jáde nílé, n ó lọ jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì títí wọn yóò fi lọ. Níkẹyìn mo sọ fún Délé pé kí wọ́n yọ mí kúrò. Ó wò mí títí, ó ní ó dáa. Láti ìgbà náà, a kàn ń kí ara wa láti ojúlé sí ojúlé ni.

O mọ bí ìlú àgbẹ̀ ṣe máa ń rí láàárọ̀. Gbogbo ènìyàn á ti wọ oko, ọ̀kadà á ti lọ, kò ní ku nǹkan kan bí kò ṣe ewúrẹ́ àti àwọn ìyá àgbà. N ó jókòó síwájú ilé mi, n ó máa wo àwọn òkè tó yí wa ká, títí oòrùn yóò fi yí. Ìyà àìsàn kò dùn, ṣùgbọ́n mo rò pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn dun mí jù ú lọ. Mo máa ń tan rédíò sílẹ̀ láìgbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ní Adó, wọ́n ti ń múra láti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, kí wọ́n yọ nǹkan tó wú lábẹ́ egungun ìhà mi kúrò, kí dókítà obìnrin kan tó kọjá lọ́jọ́ kan. Kò tíì pé ogójì ọdún. Ó tẹ ikùn mi, ó tẹ itan mi, ó wá bi mí léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí: ṣé ẹnì kan nínú àwọn ọmọ ìyá mi ní irú ikùn yìí? Àbúrò mi ọkùnrin, Ayọ̀, kú ní ọmọ ọdún mọ́kànlá pẹ̀lú ikùn gbẹ̀ǹgbẹ̀. Àwọn ará ìlú ní àbíkú ni. Ìyá wa ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú. Ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn ní gbogbo ìgbà tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì kiri, ṣùgbọ́n kò lè dárúkọ ọmọ náà.

Dókítà náà ní kí wọ́n dá iṣẹ́ abẹ dúró. Ó kán ẹ̀jẹ̀ mi díẹ̀ sórí pépà, ó ní òkè òkun ló ń lọ. Mo dúró fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí èsì dé, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, kò pè mí wọlé. Ó ní nínú ara ènìyàn, ohun kan wà tó dà bí ọmọ-ọ̀dọ̀ tó ń gbálẹ̀. Ẹ̀gbin kan tó jẹ́ ọ̀rá ló máa ń gbá dànù. Wọ́n bí èmi láìsí agbálẹ̀ tó dára. Ẹ̀gbin náà ló ń kó jọ sí mi níkùn àti nínú egungun láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ó ní kò sẹ́ni tó fi ṣe mí. Mo bi í bóyá ohun tó pa Ayọ̀ nìyẹn. Ó ní kò sẹ́ni tó lè búra, ṣùgbọ́n ó jọ ọ́. Mo sunkún lórí bẹ́ǹṣì yẹn, láàárín èrò.

Ó wá sọ fún mi pé oògùn wà. Agbálẹ̀ ni wọn yóò máa fi ránṣẹ́ sínú iṣan mi, láti ara kárọ́ọ̀tì ni wọ́n sì ti ń mú un. Mo rò pé eré ló ń ṣe. Kárọ́ọ̀tì tí àwọn Hausa ń tì kiri nínú bárò? Ó ní kárọ́ọ̀tì náà ni. Àwọn onímọ̀ mú ìlànà tí ara ènìyàn fi ń ṣe agbálẹ̀ yìí, wọ́n fi sínú ara kárọ́ọ̀tì, kárọ́ọ̀tì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí irú rẹ̀ kò ṣe rí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé.

Àgbẹ̀ ni mí, ìbéèrè tó wá sí mi lẹ́nu ni mo bi í.

“Irú ilẹ̀ wo ni wọ́n gbìn ín sí?”

“Kò sí ilẹ̀ níbẹ̀, bàbá. Kò ní ewé, kò sì ní gbòǹgbò. Bíńtín-bíńtín ara rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́ nínú àpò omi ńlá.”

Ó ní wọ́n máa ń yọ agbálẹ̀ náà jáde, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́ títí kò fi ní ku kárọ́ọ̀tì kankan níbẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú. Ó tún sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí o dì mú ṣinṣin. Ó ní kárọ́ọ̀tì ọjà kò ní in, àti pé bí mo bá tiẹ̀ gbé oògùn náà gan-an mì, inú mi yóò dà á bó ṣe ń da ẹran, kò ní dé ibi iṣẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Ó yé mi. N kò lè sọ lónìí pé wọn kò kìlọ̀ fún mi.

Ní ti owó rẹ̀, bí mo bá ta oko kòkó mi tí mo sì fi ti bàbá mi kún un, kò lè gbé mi dé ibì kankan. Ẹgbẹ́ aláàánú kan ló ń fún àwọn bíi tèmi ní ọ̀fẹ́, dókítà yẹn ló kọ̀wé kiri títí wọ́n fi gbà mí. Béèrè lọ́wọ́ dókítà tìrẹ. Má ṣe jẹ́ kí iye rẹ̀ lé ọ padà sílé kí o tó béèrè.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ní Ọjọ́bọ̀, n ó lọ sí Adó, wọn yóò so omi oògùn náà kọ́ mi lọ́wọ́, n ó jókòó bíi wákàtí méjì. Wọ́n gbé àga méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fún irú èyí. Èmi nìkan ni aláìsàn Góṣé tí wọ́n ní, nítorí náà àga kejì máa ń ṣófo. Kí oṣù kẹfà tó pé, mo de ṣòkòtò mi. Imú mi kò ṣẹ̀jẹ̀ mọ́. Inú mi dùn, n kò sì rí ẹni tí n ó sọ ọ́ fún nínú ọkọ̀.

Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ fún Délé. A pàdé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ara mi ti ń bọ̀, irú oògùn wo ni wọ́n ń lò fún mi. Mo ní ara kárọ́ọ̀tì ni wọ́n ti ń mú un. Ibẹ̀ ni mo dúró sí. N kò sọ ti àpò omi, n kò sọ ti inú iṣan. Ọ̀rọ̀ náà ti dùn tó bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ rí ojú rẹ̀ nígbà tó bá gbọ́ ọ. Délé kò rẹ́rìn-ín. Ó mi orí, ó wọlé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ ìró ọkọ́ lẹ́yìn ilé mi, níbi àkùrọ̀ tó wà létí odò, tí mo ti pa tì. Mo lọ wò. Délé àti Àlàní ni. Wọ́n ti gé koríko, wọ́n ti ṣe pẹpẹ ilẹ̀ mẹ́rin, wọ́n fọ́ ògúlùtu rẹ̀ kúnná. Délé ti rán ènìyàn lọ ra èso kárọ́ọ̀tì ní Adó. Ẹ̀ẹ̀rùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé.

“Ùwọ lo sọ ọ́ pé ara kárọ́ọ̀tì ni oògùn rẹ,” ni Délé wí. “Àwa ò lówó oògùn, ṣùgbọ́n a mọ uṣẹ́ ulẹ̀. O ò ní máa jáde ní ulé rẹ láàárọ̀ kùtù torí nǹkan tí a lè gbìn.”

Mo la ẹnu láti ṣàlàyé. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti gbọ́ ìró ọkọ́ méjì lórí ilẹ̀ mi lẹ́ẹ̀kan náà kẹ́yìn. Mo pa ẹnu mi dé, mo lọ bu omi wá fún wọn.

Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn náà ni wọ́n fi ń wá bomi rin ín, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á ṣe tán, a ó jókòó sábẹ́ ọsàn, a ó sọ̀rọ̀ ìlú, Àlàní á máa pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó wá láti Ìjerò, ó mú èèrí àgbàdo wá pé ó ń sọ ilẹ̀ dọ̀tun. Nígbà tí a wú kárọ́ọ̀tì náà, tẹ́ẹ́rẹ́ ni, òmíràn yà ní ẹsẹ̀ méjì bí ọmọ tó wọ ṣòkòtò. Àlàní ní ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló ń jáde bọ̀ yẹn. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n yàn fún rírin ín. Wọ́n á rin ín, wọ́n á fún omi rẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù ńlá, gbogbo wọn á máa wo ẹnu mi bí mo ṣe ń mu ún.

Ọjọ́bọ̀ sì ni ọjọ́ Adó. N kò lọ lẹ́ẹ̀kan. Nǹkan kan kò ṣe mí. N kò lọ lẹ́ẹ̀kejì. Nọ́ọ̀sì pè mí, mo parọ́ fún un pé Abẹ́òkúta ni mo wà lọ́dọ̀ ìyàwó mi. Nígbà tó yá, n kò gbé fóònù mọ́. N kò fẹ́ kí o rò pé mo gbàgbọ́ pé kárọ́ọ̀tì àkùrọ̀ ń ṣe iṣẹ́ náà. Mo mọ̀ pé kò lè ṣe é. Oògùn wà ní Adó, mo sì gbọ́dọ̀ dá nìkan lọ gbà á. Ènìyàn wà lẹ́yìn ilé mi. Mo mú ènìyàn.

Oṣù márùn-ún ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ tán, wọ́n tún gbin òmíràn. Ṣòkòtò mi kọ̀ láti dè, mo ń wọ bùbá gígùn kí wọ́n má baà rí i. Itan mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Wọ́n rí i pé ojú mi ti ń funfun, ohun tí wọ́n sì sọ ni pé kárọ́ọ̀tì náà ló kéré. Wọ́n fi pẹpẹ méjì kún un. Aláàánú ni wọ́n, bí mo sì ṣe ń wò wọ́n tí òógùn bò wọ́n, mo tún lọ bu omi mímu wá fún wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo gbé kọ́ọ̀bù sẹ́nu, imú mi ṣẹ̀jẹ̀ sínú rẹ̀. Kò dá. Délé mú aṣọ wá. Àlàní kò mira, ó kàn ń wo kọ́ọ̀bù náà. Ó wá bi mí léèrè.

“Bàbá Tóyìn, ṣé dókítà ló ní kí o máa mu ún?”

Mo ní rárá. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀: àpò omi, lẹ́búlẹ́bú, inú iṣan, àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí n kò lọ. Délé di aṣọ mú sí mi nímú, ó ń gbọ́.

“Ùwọ mọ̀, o sì ń mu ún?”

“Mo mọ̀.”

“Kí ló dé?”

“Torí ẹ ń wá sí ulé mi ni.”

Délé fi aṣọ náà lé mi lọ́wọ́. “Ọwọ́ wa lo fẹ́ fi pa ara rẹ,” ló wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó lọ. Àlàní fọ kọ́ọ̀bù náà, ó fi aṣọ di itan mi tó ń ro, ó wá mọ́tò fún mi lọ́jọ́ kejì, òun náà sì lọ.

Èmi nìkan ni mo dé Adó. Wọ́n dá mi dúró, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára. Dókítà obìnrin yẹn kò bú mi, ì bá sì sàn kó bú mi. Ó kàn ní bí mo bá tún pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni, egungun itan mi ì bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ó sì ní àwọn tó ń fúnni ní oògùn náà béèrè bóyá mo ṣì fẹ́ ẹ. Mo ní mo fẹ́ ẹ. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Délé kò wá. Bó bá rí mi níta, yóò kí mi bí wọ́n ṣe ń kí àlejò. Koríko bo àkùrọ̀. Ìgbà òjò dé, ó lọ, òmíràn dé. Mo rò pé ìtìjú ló ń ṣe é, àti ìbínú, èmi ni mo sì fà á. Ẹni tó fi ọkàn rere ṣiṣẹ́ fún ọ, tí o sọ iṣẹ́ náà di májèlé láìsọ fún un, kí lo fẹ́ kó wí?

Nígbà tí agbára mi padà díẹ̀, mo jí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo gbé ọkọ́, mo lọ sóko iṣu Délé. Kò sẹ́ni tó pè mí. Mo ti kọ ebè mọ́kàndínlógún kó tó dé. Ó dúró, ó wò mí, ó wo ebè. Ó lọ sí òdìkejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀ bọ̀. A kò bára wa sọ̀rọ̀ títí a fi pàdé láàárín.

“Ọjọ́ mélòó lo jẹ mí?” ló bi mí.

“Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, pẹ̀lú ti kárọ́ọ̀tì. Ó wá ku méjìlélọ́gbọ̀n.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó bá mi wọ ọkọ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì béèrè ìbéèrè rẹ̀, Délé dáhùn kí n tó yanu. Ó jókòó sórí àga kejì, ó tẹjú mọ́ omi tó ń kán. Ó ní kò pọ́n bíi kárọ́ọ̀tì rárá. Mo ní mo ti sọ fún un. Lẹ́yìn náà ó sùn lọ.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí: ikùn mi ti lọ sílẹ̀, ṣòkòtò mi ń dè. Mo lè kọ ogójì ebè lóòjọ́ bí n kò bá kánjú, mo sì ti ń san ọjọ́ tí mo jẹ Àlàní náà. Itan òsì mi ṣì máa ń ro mí bí òjò bá ṣú, èyí ni owó orí tí mo san fún oṣù márùn-ún yẹn. Ìyá Tóyìn wá ní ọdún tó kọjá, ó lo oṣù kan, ó padà. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń dárúkọ Ayọ̀ báyìí. Oògùn náà kò ní parí láyé mi, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni títí. Má fi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ jù lọ ló gbé e wá. Sọ gbogbo òtítọ́ fún ẹni tó bá bi ọ́, má sọ ìdajì tó dùn.

Délé ń tẹ̀ lé mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Oko kì í dúró de ènìyàn, nítorí náà Ọjọ́bọ̀ tó pọ̀ jù, èmi nìkan ni mò ń lọ. Nọ́ọ̀sì ṣì máa ń béèrè, mo ṣì máa ń sọ pé èmi nìkan ni. N ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, n ó máa wo àga kejì. Dókítà sọ fún mi pé irú wa gbọ́dọ̀ wà níbòmíràn ní Èkìtì yìí, ní Ìlórò, ní Ẹ̀fọ̀n, ibikíbi, pé a kàn ń fi wọ́n pe ọ̀mùtí tàbí àbíkú ni. Bí ìwọ bá ni ẹni náà, wá. Bí wọ́n bá bi ọ́ ta ló tẹ̀ lé ọ, sọ pé èmi ni. N ó jókòó tì ọ́ ní Ọjọ́bọ̀ tìrẹ. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé wàá jẹ mí ní ọjọ́ kan o, mo sì máa ń kà á.